Gàárì Tuntun tí Ganix Ṣe fún Neva

Oko Ẹran Hoskins,
Etí Odò Willow,
Nevada.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1987.

Clell, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Maren ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti le láti ìgbà tí òtútù yẹn ti dá a wó? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa, ṣé wọ́n sì ń jẹ́ kí ìyá wọn sinmi? Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjì ń jà lójú òkun lọ́dọ̀ yín ní Alaska, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí lẹ́tà rẹ fi dé. Ẹ kú ewu ìjì o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹja. Ẹ sì kú àfẹ́kù, nítorí ọ̀fọ̀ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni Neva kí ó tó di ìyàwó mi.

Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Roxie ọmọ wa wà dáadáa. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú wá ń gbé pẹ̀lú mi, ó ní títí ìgbà òtútù ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dé. Èmi náà ń jẹun nígbà tí ó bá ń wò mí. Òjò kò rọ̀ tó, koríko sì ń dúró de ẹni tí yóò gé e, mo kàn ń wò ó láti ojú fèrèsé ni.

O béèrè bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. O ní o ṣàdédé gbọ́ pé Neva ń ṣàìsàn, o tún ṣàdédé gbọ́ pé ó ti lọ, o sì fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi díẹ̀, o sì jàre. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ fi yé wa. Bisikíìtì ni, abo ẹṣin rẹ̀ aláwọ̀ búráùn tí o gùn nígbà tí o wá kẹ́yìn, èyí tí ó jẹ àkẹtẹ̀ rẹ.

O rántí gàárì bàbá yín tí Neva ti ń gùn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Gàárì dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹṣin tí wọ́n ṣe é fún ti kú tipẹ́. Bisikíìtì bímọ, ó jẹ koríko tútù yó, èjìká rẹ̀ wá fẹ̀ bí tábìlì. Nígbà tí a ń kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní ìgbà ìkórè tó kọjá, Neva pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Irun funfun ti ń hù sí ẹ̀gbẹ́ èjìká ẹṣin náà lọ́tùn-ún lósì. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: igi inú gàárì ti ń há a mọ́ra. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa níbí máa ń ṣe, mo sáré lọ mú aṣọ ìtẹ́lẹ̀ mìíràn tí ó nípọn wá pé kí a fi kún ti tẹ́lẹ̀. Neva wò mí títí.

“Burdette, bí bàtà bá há ọ lẹ́sẹ̀, ṣé ìbọ̀sẹ̀ méjì lo máa ń wọ̀ sí i?”

Mo ní bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

“Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹṣin bàbá ẹ fi máa ń bu èèyàn jẹ.”

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Ganix Etchart nìyẹn. O mọ̀ ọ́n, bàbá ọmọ ilẹ̀ Basque tí ń ṣe gàárì lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ẹni tí òun àti Neva kì í pàdé kí wọ́n má jiyàn. Ganix kì í ta gàárì fún ẹni tí kò bá tíì rí ẹṣin rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń ra bàtà fún ìyàwó rẹ̀ láìmú ìyàwó dání ń wá ìjà. Ó kó oríṣiríṣi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wá bá wa ní ọgbà ẹṣin, ó sì ní kí n kó gbogbo aṣọ ìtẹ́lẹ̀ mi kúrò níwájú òun. Ẹ̀yìn ẹṣin lásán ló ń gbé gàárì kọ̀ọ̀kan lé, láìtẹ́ nǹkan kan, láìdè é. Yóò gbé e síwájú díẹ̀, yóò fà á sẹ́yìn títí gàárì náà yóò fi rí ibi tí ó fẹ́ dúró sí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àkọ́kọ́ há ẹṣin náà léjìká. Èyí tó tẹ̀ lé e fara kan iwájú, ó fara kan ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a ń rí ìmọ́lẹ̀ ní àárín rẹ̀. Òmíràn fẹ̀ jù, egungun ẹ̀yìn gan-an ló jókòó lé. Bí Ganix bá ti yọ ọwọ́, Neva náà yóò ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì yóò sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sórí igi inú gàárì kan tí ó bá ẹ̀yìn Bisikíìtì mu. Ganix ní òun yóò fi awọ tuntun bò ó fún un, kí Neva sì máa fi gàárì mìíràn tí ó ní irú igi kan náà dán ẹṣin wò ná. Ó fẹ́ ya òdòdó sára awọ náà. Neva ní màlúù wo ló fẹ́ wo òdòdó.

Ó kù kí ó yan ìjókòó. Ganix gbé àwọn gàárì náà sórí ẹṣin onígi rẹ̀, pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó máa ń gbé gàárì lé, Neva sì ń gùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò sún díẹ̀, yóò dúró, yóò tún sún. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin kì í yan ibùsùn tó báyìí. Ganix ní ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀ torí pé ó ti rù. Neva ní ọbẹ̀ tí èmi ń sè ni kí wọ́n bi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Clell, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

A kì í gba gàárì lọ́wọ́ Ganix títí ẹṣin yóò fi làágùn lábẹ́ rẹ̀. Neva gun Bisikíìtì lọ dé orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, ó sáré bọ̀. A tú gàárì sílẹ̀, Ganix kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ẹ̀yìn ẹṣin náà. Níbi tí gàárì bá ti jókòó dáadáa, òógùn yóò rin ín bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí nǹkan bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, gbígbẹ ló máa wà. Ọ̀tún rin gbindin. Lósì, níbi tí itan ẹni máa ń dé, ibì kan wà tó gbẹ, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ganix sọ nǹkan kan ní èdè wọn tí mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. Ó gbé gàárì lọ sílé, ó gé irun àgùntàn abẹ́ rẹ̀ ṣe, ó gbé e padà wá. Ibi kan náà gbẹ. Ó mú òmíràn wá, èyí tí ó ti bá ẹṣin púpọ̀ mu. Ibi kan náà gbẹ. Baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ Bisikíìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo eyín rẹ̀. Ó ní bóyá ojú òun ló ti ń lọ. Gbogbo ìgbà ni Neva sì ní àlàyé tirẹ̀: irun àgùntàn ni, afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ òsì ni Bisikíìtì fi ń sùn. Èmi gbà á gbọ́. Kí ló dé tí n kò ní gbà á gbọ́?

Ọjọ́ tí Ganix tún wá, Roxie wá kí wa láti ìlú. O mọ̀ pé bí Neva ṣe ga ni ó ga, wọ́n jọ máa ń wọ ṣòkòtò ara wọn. Ganix ní kí ó gun ẹṣin náà kí òun fi wò ó. Neva yára sọ pé kò pọn dandan, kọfí ń tutù nílé. Roxie ti wà lórí ẹṣin. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, a tú gàárì.

Ẹ̀yìn Bisikíìtì rin láti òpin dé òpin. Kò sí ibi gbígbẹ kankan. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Ganix ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Kò wo èmi, Neva ló ń wò.

“Neva, gàárì ò ṣe nǹkan kan. Ẹṣin náà ò ṣe nǹkan kan.”

Neva fara ti ọgbà, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi dúró. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i, àbúrò mi, pé ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró. Nídìí àdògán, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi gbogbo. Bisikíìtì ló yíjú sí, ó fọwọ́ pa á nímú.

“Olófòófó. Pẹ̀lú gbogbo àpù tí mo ti fún ẹ jẹ.”

Ó wá jẹ́wọ́ fún wa. Láti ìgbà tí a ti ń gé koríko ni ìbàdí ọ̀tún ti ń dùn ún. Kò lè jókòó lé e mọ́, ló ṣe ń tẹ̀ sí òsì lórí ẹṣin. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí, ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé kí a kó koríko tán ná. Lẹ́yìn náà ó ní kí a kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ tán ná. Ó ní òun ò fẹ́ kí a máa wo òun bí a ṣe ń wo òun yẹn. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú Ganix. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ariwo ló sì bá ẹnu mi jáde. Ó jẹ́ kí n pariwo tán, ó ní kí a lọ mu kọfí.

Ní ọsibítù ìlú Reno, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ibòmíràn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ egungun ìbàdí rẹ̀. Dókítà náà ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Neva bi í: ṣé òun yóò lè gun ẹṣin nígbà tí a bá ń kó màlúù gòkè lọ ní ìgbà ìrúwé? Ọ̀rọ̀ mìíràn kò kàn án. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí bàbá yín ti ń gbé e síwájú ara rẹ̀ lórí ẹṣin, kò sí ọdún tí wọ́n kó màlúù gun òkè yẹn tí kò sí níbẹ̀. Ọdún tí ó lóyún Roxie gan-an, ó lọ. Èmi ni dókítà náà yíjú wò.

Mo lọ bá Ganix nìkan. Mo ní kí ó ṣe gàárì náà kí ó wọ́, kí ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan ga, kí ó jin ẹ̀gbẹ́ kejì, kí Neva lè jókòó láìsí pé nǹkan kan kan ìbàdí rẹ̀. Ó ní òun lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Ganix kò mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́, ó wá sílé wá sọ ọ́ fún Neva fúnra rẹ̀. Neva bi í pé kí ni irú gàárì bẹ́ẹ̀ máa ṣe fún ẹṣin. Ganix ní gbogbo ẹrù máa dé sí òsì, àti pé kí wọ́n tó dé orí òkè, ẹ̀yìn ẹṣin náà á ti bó.

“Rárá nìyẹn,” Neva wí.

“Ọjọ́ kan péré ni!” Mo ti dìde. “Ọjọ́ kan, Neva! A máa fi oògùn pa á, á jẹ koríko, á sàn!”

“Ó ti ń gbé ìrora mi kiri láti ìgbà tí a ti ń gé koríko, kò sì gbé mi ṣubú rí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ganix, jọ̀ọ́, ṣe gàárì mi kó gún.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Mo jáde lọ gé igi tí a kò nílò. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Clell, mo ṣì ń bínú sí i. Ǹ bá ti gbà kí ẹ̀yìn gbogbo ẹṣin tó wà ní ilẹ̀ yìí bó, kí ti èmi náà sì bó mọ́ ọn, kí ó ṣáà lè rí ọjọ́ kan yẹn.

Yìnyín ti bo ọgbà nígbà tí Ganix gbé gàárì náà dé. Ó rẹwà, kò sí òdòdó kankan lára rẹ̀. Òórùn awọ tuntun kún gbogbo ilé. Ganix gbé ẹṣin onígi rẹ̀ wá pẹ̀lú rẹ̀, a gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí a ti ń rí Bisikíìtì, èmi sì gbé Neva lé e. Kò wúwo mọ́ rárá. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ líkáfà, Roxie sì dé àkẹtẹ̀ rẹ̀ fún un. Lórí igi yẹn, ó lè wọ́ bó ṣe wù ú. Ó tẹ̀ sí òsì pátápátá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Igi ò ní ẹ̀yìn tó ń bó.” Láti ìgbà náà, ọ̀sán kì í kọjá kí ó má ní kí n gbé òun gun ẹṣin. Yóò máa pàṣẹ fún mi:

“Burdette! Ọ̀kan ti yà lọ lẹ́yìn ẹ! Ṣé o ń sùn ni?”

Èmi àgbàlagbà yìí yóò sì máa sáré yí pálọ̀ ká, mo ń da àwọn àga tí a fi ṣe màlúù padà sínú agbo. Nígbà mìíràn ó máa ń rẹ́rìn-ín títí yóò fi di ìrora, mo máa wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Roxie yóò wà nídìí àdògán, yóò kẹ̀yìn sí wa.

Ó kú ní oṣù Kẹrin, nígbà tí àwọn màlúù ń bímọ lọ́wọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì wa ni, ní òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Ó ti bi mí kí ó tó sùn lọ pé ṣé yìnyín ti kúrò lórí òkè. Mo ní ó ti kúrò. Kò tíì kúrò. A mọ̀ pé o wà lójú òkun nígbà tí a sin ín, ẹnikẹ́ni kò sì bá ọ wí. Abẹ́ igi tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń gùn lọ́mọdé ló wà.

Nígbà tí àkókò àtikó màlúù gòkè tó, mo ní n kò lọ. Roxie kò bá mi jiyàn. Ó kàn jáde lọ di Bisikíìtì ní gàárì ìyá rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Dádì, ẹ̀yin là ń dúró dè.” Ganix náà wá, òun tí kò fẹ́ràn màlúù rí. A gòkè lọ. Mo tẹ̀ lé Bisikíìtì lẹ́yìn jálẹ̀ ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn ọmọ mi tó gún ṣánṣán lórí gàárì náà.

Nígbà tí a dé ibi ìsun omi tí a ti máa ń jẹ ẹ̀wà, Roxie tú gàárì. O mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lára, kò sí ẹni tí kò wo ẹ̀yìn ẹṣin náà. Ó rin láti èjìká dé ìdí, lọ́tùn-ún lósì.

“Ó gún!” Ganix kígbe. “Hoskins, wá wò ó, ó gún régé!” Ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fi àkẹtẹ̀ bo ẹnu.

Mo lọ bá ẹṣin náà. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi yẹn. Ó tutù bíi ti ibi yòókù. Mo ń fi ọwọ́ wá a sókè wá a sísàlẹ̀, mo ń wá ibi tó gbẹ, bí ẹni pé mo fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. N kò rí i. Ohun tí Neva fẹ́ nìyẹn, pé kí ẹṣin náà má gbé ìrora òun mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó fẹ́, èmi ni n kò lè fara dà á. Mo gbé orí lé ọrùn ẹṣin náà, mo sunkún níwájú gbogbo àwọn darandaran, Clell, bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan gba àwo ẹ̀wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a délé, mo gbé gàárì náà padà sórí ẹṣin onígi. Roxie ní kí n fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Awọ náà ti jìn díẹ̀ sí òsì, ibi tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ sí ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Ganix ní kò dé ẹ̀yìn ẹṣin, orí awọ nìkan ló mọ, àti pé tí mo bá fẹ́, òun lè fi omi rin ín kí ó tún dọ́gba. Mo ní tí ó bá gbé omi sún mọ́ gàárì yẹn, inú omi náà ni màá rì í sí.

Bá mi kí Maren gan-an, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Roxie kí yín. Ganix náà kí ọ, ó ní ẹja tí o fi ránṣẹ́ ní àkókò Kérésì ṣì ń rùn nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Gàárì bàbá yín ti wà nínú àpótí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé e wá bá ọ. Bí iṣẹ́ ẹja bá ti rọlẹ̀, máa bọ̀ wá sílé. Mi ò ní ní kí o kọ́kọ́ lọ sí ibi sàréè. Pálọ̀ ni kí o wọ̀, kí o sún mọ́ fèrèsé, kí o gbé ọwọ́ lé ìjókòó gàárì náà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà.

Èmi ni ẹni tí ó ṣì jẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ,

Burdette